Ìdáhùn Tí Mo Fún Dókítà Dípò Ìyàwó Mi

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn pọ̀, ohun tí ìyàwó mi kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ẹ ti ṣí kàlẹ́ńdà?"

Oṣù tuntun ti wọlé láti ọjọ́ mẹ́ta. Kàlẹ́ńdà tó ń sọ wà nílé, lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná wa ní Ongar, ní ìlú Dublin, ilẹ̀ Ireland. Alápatà tí a ń ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ ló fún wa nígbà Kérésìmesì, àwòrán màlúù ló sì wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo wo obìnrin tó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn níwájú mi, mo rí bí ọrùn rẹ̀ ṣe tín-ín-rín nínú aṣọ, mo sì rò pé oògùn ìrora ló ń sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Mo ti ṣí i."

Irọ́ ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Ó ní kí n bá òun gbé ìrọ̀rí sókè díẹ̀, mo gbé e. Ó mu omi ṣíbí méjì. A jọ ń wo òjò lójú fèrèsé, kò sì sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí ènìyàn máa rántí. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ ọ̀sán àwọn aláìsàn yòókù wá, ó ti lọ.

Rónkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Tèmítọ́pẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tèmi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Lónìí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti ní ilé tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń sọ fún mi pé kí n kọ ìrírí wa sílẹ̀, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pé n kò ráyè. Àyè wà. Ìgboyà ni kò sí.

Mo ń kọ ọ́ báyìí fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé jẹjẹrẹ wà nínú ikùn ìyàwó rẹ̀, tàbí ìyá rẹ̀, tàbí nínú ikùn òun fúnra rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí wọn kò tíì sọ nǹkan kan fún, ṣùgbọ́n tó ti ń fura. N kì í ṣe dókítà, nítorí náà n kò ní lo èdè wọn. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí ẹnu mi sọ ni mo fẹ́ kọ. Ohun tí ẹnu mi sọ ló wúwo jù.

A dé Dublin ní àwọn ọdún tí owó ya wọ ìlú náà. Ibikíbi tí ènìyàn bá kọjú sí, kíréènì ló máa rí. Ọ̀dà ilé wa ní Ongar ṣì ń rùn nígbà tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún wa. Iṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí mo kọ́. Nílé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ pólì ní jọ́gíráfì. Ní Dublin, ilé ìkẹ́rù kan lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú ní Swords ni mo ti ń ti páálí láti ìlà kan sí òmíràn. Máàpù ayé kan wà lára ògiri yàrá tí a ti ń jẹun níbẹ̀. Mo máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, kí n máa bi ara mi pé kí ni Ọlọ́run gbé mi kọjá gbogbo òkun yìí wá ṣe.

Rónkẹ́ kì í bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé kì í bi í sí mi létí. Olùkọ́ ni òun náà nílé. Ní Dublin ó ń gbá ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ àyàfi Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń sin àwọn obìnrin wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó bá obìnrin kan pàdé ní ibùdókọ̀ ní Mulhuddart, tó di lẹ́tà ilé ìwòsàn mú, tó ti wà níbẹ̀ fún wákàtí méjì nítorí pé kò mọ ọkọ̀ tí òun máa wọ̀, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun kò lè ka lẹ́tà. Ìyá Múbá ni wọ́n ń pè é, Mùsùlùmí ni, ará Ìsẹ́yìn. Rónkẹ́ tẹ̀ lé e lọ, ó bá a jókòó, ó bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà, ó sì mú un padà sílé. Kí ọdún tó yí, obìnrin bíi mẹ́wàá ló ti ní Ọjọ́bọ̀ tirẹ̀ lára kàlẹ́ńdà wa. Ó máa ń kọ orúkọ àti aago sí abẹ́ àwòrán màlúù. Mo máa ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́ láti mú tíì. N kì í kà á.

Nínú ilé ìkẹ́rù kan ní Mulhuddart ni ìjọ wa ti ń pàdé, láàárín ẹni tó ń ta táìlì àti ẹni tó ń tún sàléǹsà ọkọ̀ ṣe. Pásítọ̀ wa jẹ́ ènìyàn rere, n kò sì kọ èyí láti bà á jẹ́. Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa nípa ìdí tí Ọlọ́run fi dá ẹnì kọ̀ọ̀kan sáyé. Ó ní kò sí ẹni tó ṣèèṣì wà ní Ireland. Ó ní iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán olúkúlùkù wà, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n máa fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣòfò. Mo gba ẹ̀kọ́ yẹn gbọ́ nígbà náà, mo sì gbà á gbọ́ títí di òní. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ló kù díẹ̀ káàtó. Ohun tí mo gbọ́ ni pé páálí kọ́ ló máa gbẹ̀yìn ayé mi.

Ó kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún láti wá ojú Ọlọ́run nípa ìpè wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ààwẹ̀ náà, ó pe Rónkẹ́ jáde láàárín ìjọ, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní òun rí i pé Ọlọ́run fẹ́ fi í ṣe ìyá fún ọ̀pọ̀ obìnrin ní ilẹ̀ yìí, àti pé ní ọjọ́ tí ààwẹ̀ bá parí, a máa fi àmì òróró yàn án. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù. Bí kì í bá ṣe èmi, ìyàwó mi ni, ilé kan náà ni. Ó kéré tán, ìdí kan wà tí a fi wá.

Nígbà tí a délé, mo rí i tó ń gé àlùbọ́sà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Mo ní, "Inú rẹ ò dùn ni?"

"Inú mi dùn. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

"Ìpè Ọlọ́run ni o, Rónkẹ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí irú ẹ̀."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bàbá Tèmi, bí Ọlọ́run bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ míì, á sọ fún mi. Ní báyìí, Ìyá Múbá ń retí mi lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀."

"Ìyẹn ò lè jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni. Ṣé kéèyàn máa wọ bọ́ọ̀sì ni ìpè?"

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Ẹ bá mi mú iyọ̀ yẹn."

Rírẹ̀ tó sọ yẹn, ó ti pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níwájú wa tí a kò kà sí. Bí ó bá jẹun ṣíbí mẹ́ta, á ní òun ti yó. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó ń lọ tọ̀ nígbà gbogbo. Ikùn rẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀, yẹ̀rì rẹ̀ kò sì ká a mọ́ ní ìdí, bẹ́ẹ̀ ni apá àti èjìká rẹ̀ ń gbẹ. Ènìyàn tó ń sanra níbì kan tó ń rù níbòmíràn, ó yẹ kí ọkọ rẹ̀ rí i. Tèmi rí i. Ó bi mí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ohùn àwọn ọmọ Dublin tó ti di ohùn rẹ̀, "Dad, why are Mam's arms gone so small?" Mo ní ààwẹ̀ ni. Ààwẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà.

Àwọn obìnrin ìjọ rí ikùn náà, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ tìfẹ́tìfẹ́.

"Ìyá Tèmi, ẹ má fi pa mọ́ fún wa o. Àbúrò Tèmi ti ń bọ̀ lọ́nà."

"Lọ́jọ́ orí mi yìí? Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sinmi."

"Ẹ má bi wọ́n," obìnrin mìíràn wí, "ẹ bi Bàbá Tèmi. Àwọn ló mọ ohun tí wọ́n ṣe."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Rónkẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ títí a fi délé. Ó ti dán an wò pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń mọ oyún. Kò sí oyún.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní ààwẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ rí dókítà àdúgbò. Owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, a kì í sì í lọ láìnídìí. Mo tẹ̀ lé e. Mo ti rò pé ohun rere ni mo ṣe bí mo ṣe tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú ìjọ tí a wà máa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Wọ́n ti kọ́ wa pé ẹnu onígbàgbọ́ kì í jẹ́wọ́ àìsàn. Bí orí bá ń fọ́ ọ, wàá ní ara rẹ le. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóo ṣe wà, wàá dúpẹ́. Ohun tí o bá sọ ni yóò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ. Láàárín wa, kò sí ẹni tí èyí ń tàn jẹ, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá sọ pé ara òun le, ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ má le, a ó sì gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n dókítà kì í ṣe ọmọ ìjọ wa.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan ni, ará Ireland, onínúure. Ó bi Rónkẹ́ pé, "Báwo ni ara?"

Mo dáhùn. Mo ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ara rẹ̀ le."

Rónkẹ́ wò mí. Dókítà bi í bóyá ó ń jẹun dáadáa. Mo ní a wà nínú ààwẹ̀ ní ìjọ wa ni, bó bá parí, á máa jẹun. Ó bi í bóyá ìrora wà níbì kan. Rónkẹ́ ṣí ẹnu, ó sì tún wo ojú mi. Kí ló rí lójú mi? N kò tíì yéé bi ara mi. Ó ní, "Kò pọ̀." Dókítà fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀ láti orí aṣọ, ó ní afẹ́fẹ́ lè wọ inú ẹni tó ń gbààwẹ̀, ó kọ oògùn inú rírun, ó sì ní, "Grand so." Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń sọ pé kò séwu nìyẹn, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí wọ́n bá fẹ́ kí o dìde kí ẹlòmíràn wọlé.

Nínú ọkọ̀, ó ní, "Ǹ bá ti sọ ọ́ fún un."

"Sọ kí ni?"

"Gbogbo ẹ̀. Pé ó ti tó oṣù mélòó kan. Pé mo ń bẹ̀rù."

Mo ní, "Má fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́, Rónkẹ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n yàn ọ́."

Ó so bẹ́líìtì mọ́ra, ó ń fi àtàǹpàkò rọra fà á kúrò ní ikùn kó má baà tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yàn án, ó wọ aṣọ funfun. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa tí wọ́n tẹ́ sórí sìmẹ́ǹtì ilé ìkẹ́rù náà. Pásítọ̀ da òróró sí i lórí, àwọn àgbà ìjọ gbé ọwọ́ lé e, ìjọ ń kọrin. Rónkẹ́ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa ni. Bí Ẹ̀mí bá bà lé ènìyàn, á ṣubú, obìnrin kan á sì mú aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ títí yóò fi dìde. Wọ́n bò ó. Orin ga sí i. Mo wà níwájú, n kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí i. Mo rí i pé ètè rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú. Mo rí òógùn lórí imú rẹ̀. Mo mọ̀.

Mo mọ̀, mo sì dúró kí orin parí.

Tèmi ló sáré jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀, ó gbé ojú sókè sí mi. "She's not praying, Dad," ó wí. "She's sick." Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó mọ̀ pé bàbá òun náà mọ̀.

Ọjọ́ méjì ni Rónkẹ́ fi wà lórí ibùsùn onítáyà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ, nítorí kò sí àyè nínú wọ́ọ̀dù. Ìlú tó ń kọ́ ilé tuntun lójoojúmọ́ kò rí ibùsùn fún àwọn aláìsàn rẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà lórí ibùsùn tó wà níwájú wa, obìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán wà lẹ́yìn, ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá á ní kí n gbé orúnkún mi. Ní ọjọ́ kejì, dókítà kan tó kéré lọ́jọ́ orí dé, obìnrin ni, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Ó bi Rónkẹ́ pé báwo ni. Ẹnu mi ti ṣí. Rónkẹ́ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ láti abẹ́ aṣọ ìbora.

"Bàbá Tèmi, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn."

Ó sì dáhùn. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ rẹ̀ tó mọ́ kedere. Ó sọ oṣù tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, oṣù tí yẹ̀rì kọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó rí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, oúnjẹ tó ń fi pa mọ́ sínú bébà ìnuwọ́ kí n má baà mọ̀ pé kò lọ. Ìdajì rẹ̀ ni n kò gbọ́ rí. Ilé kan náà la jọ ń gbé. Dókítà náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sọ pé ó grand.

Wọ́n ya àwòrán inú ikùn. Wọ́n pè wá sínú yàrá kékeré kan tó ní àpótí bébà ìnujú lórí tábìlì. Nígbà tí mo rí àpótí náà, mo ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Jẹjẹrẹ ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ẹyin obìnrin ti ń jáde, ó sì ti tàn. Mo béèrè bóyá à bá ti rí i tẹ́lẹ̀. Dókítà ní kò rọrùn láti sọ. Ó ní àìsàn yìí máa ń fara pamọ́. Ó dárí jì mí láì mọ̀ pé òun ń dárí ji ènìyàn, n kò sì lè gbà á.

Lẹ́yìn náà ni tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyá Rónkẹ́ ní Ìbàdàn ní kí a má jẹ́ kí òyìnbó fi ọ̀bẹ kan ọmọ òun, àgbo kan wà tí òun ti fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀. Àgbo náà dé nínú ìgò ọtí wáìnì méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Èkó ní kí a gbé e wálé, òun mọ òkè àdúrà kan. Àwọn ará ìjọ gbé òróró àti omi wá. Díákónì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún fà mí sí ẹ̀gbẹ́, ó ní bí mo bá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, mo ti fọwọ́ sí i pé Ọlọ́run ò lè ṣe é. Mo gbé ìwé náà káàkiri nínú àpò kóòtù mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Rónkẹ́ ló béèrè rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀.

Díákónì náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Arábìnrin, ẹ sọ pé ara yín ti yá."

Rónkẹ́ ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà kó yá, sà. Àìsàn ló ń ṣe mí."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ la ṣe ń sọ ọ́."

"Báwo la ṣe wá ń sọ ọ́, sà? Ọlọ́run tó dá ikùn náà, ṣé kò tíì gbọ́ ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín láì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì gbàdúrà. Àdúrà tó dára ni.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ń fa omi oògùn sí i lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Irun rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ bó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú. Ìgbà kan wà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ fún bí oṣù mẹ́rin, a sì rò pé ó ti parí. Bí agbára bá ti wà fún un, á wé gèlè, á wọ bọ́ọ̀sì, á lọ pàdé obìnrin tó wà lára kàlẹ́ńdà. Mo bínú sí i. Mo ní, "Ìwọ tí o ń ṣàìsàn ló ń sin ẹni tí ara rẹ̀ yá ju tìrẹ lọ?"

Ó ní, "Mo ti wá mọ ìlà tó ń yára nílé ìwòsàn báyìí."

Ní àwọn oṣù yẹn, ohun tó ń jà mí nínú kì í ṣe ikú nìkan. Mo ń bi Ọlọ́run pé iṣẹ́ tó ní òun fẹ́ fi Rónkẹ́ ṣe ńkọ́? Wọ́n ti da òróró sí i lórí. Ìgbà wo ló máa bẹ̀rẹ̀? Nígbà tí ikùn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí dókítà sì sọ pé kò kù síbì kan tí àwọn lè gbà, mo bi Rónkẹ́ náà. A jókòó nínú ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń kọ nǹkan sí ojú kàlẹ́ńdà, ó ń ṣí ewé rẹ̀ lọ síwájú.

Mo ní, "Gbogbo ohun tí Ọlọ́run sọ nípa rẹ, Rónkẹ́. Ìyá fún ọ̀pọ̀ obìnrin."

Kò dá iṣẹ́ dúró. "Kí ló ṣe é?"

"Kò tíì ṣẹ."

Ó bo ìdérí bírò rẹ̀. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, bí ó ṣe máa ń wo Tèmi bí kò bá fẹ́ sọ ìdáhùn iṣẹ́ àṣetiléwá fún un. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀."

Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nípa ọjọ́ tí a lọ rí dókítà àdúgbò. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, ó di ọwọ́ mi mú. "Mo mọ̀," ó wí. "Ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún Tèmi láéláé." Mo ṣèlérí. Bí Tèmi bá ní orí ń fọ́ òun títí di òní, n kì í fèsì, mo máa ń jókòó ni, kó sọ ọ́ tán.

Ẹni tó ń ka èyí, bí ikùn rẹ bá ń wú tí o kò sì mọ ìdí, bí o bá ń tètè yó, bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ ní ìgbà tí kò yẹ, gbàdúrà, kí o sì lọ sọ ọ́. Sọ ọ́ pẹ̀lú oṣù àti ọjọ́. Bí ọkọ rẹ bá fẹ́ bá ọ dáhùn, ní kó dúró níta. Bí ọkọ bá sì ni ọ́, dúró níta fúnra rẹ. N kò mọ̀ bóyá Rónkẹ́ ì bá ṣì wà láàyè. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti ṣí ẹnu.

Ara tèmi le. Mo lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí láìfi nǹkan pa mọ́, nítorí wọ́n yẹ̀ mí wò ní oṣù tó kọjá, mo sì dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi mí. Mo ṣì ń lọ sí ìjọ, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Pásítọ̀ wa wá bá mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó ní òun kì í jẹ́ kí ẹni tó bá ṣubú pẹ́ nílẹ̀ mọ́ kí òun tó wo ojú rẹ̀. Àwa méjèèjì sunkún.

A sin Rónkẹ́ ní Dublin. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ènìyàn ló ń se oúnjẹ wa, àwọn ló ń fọ aṣọ, àwọn ló ń mú Tèmi lọ sílé ìwé. N kò ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, nígbà tí ẹni ìkẹyìn lọ, mo fẹ́ mú ife láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì rí i pé oṣù tó kọjá ló ṣì wà lójú kàlẹ́ńdà. Mo rántí irọ́ tí mo pa fún un. Mo ṣí i.

Ní abẹ́ màlúù tuntun, ní ojú Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti kọ ọ́ pẹ̀lú ìkọ̀wé olùkọ́: Ìyá Múbá, aago mẹ́wàá, ó ti ń dúró de ọjọ́ yìí láti ọdún tó kọjá. Ní ìsàlẹ̀ ó kọ ọ́ pé: Bàbá Tèmi á mú un lọ.

Mo jókòó. Lẹ́yìn náà mo pe obìnrin náà lórí fóònù.

"Há, Bàbá Tèmi," ó wí, "ẹ fi ara yín sílẹ̀. Mà á ní kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ míì."

"Ọdún míì ni wọ́n máa fún yín, mà. Ẹ dúró dè mí ní ibùdókọ̀."

Òjò ń rọ̀ ní ọjọ́ kejì. Ó dúró síbi tí Rónkẹ́ ti kọ́kọ́ rí i, ó di lẹ́tà mú nínú ọ̀rá kó má baà tutù. A jókòó sórí àga ike fún wákàtí méjì àti ààbọ̀, n kò sì mọ ìlà tó ń yára. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, mo ní kí n dúró síta, ó ní rárá, ta ló máa bá òun sọ̀rọ̀? Dókítà náà gbé ojú kúrò nínú ìwé, ó bi í pé báwo ni ara. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ìyá Múbá tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Alihamdulilahi," ó wí. "Ẹ ní mo dúpẹ́. Ara le."

Dókítà ń wo ẹnu mi.

Mo yíjú sí obìnrin náà. Mo ní, "Ìyá Múbá, ẹ ti dúpẹ́, Ọlọ́run sì ti gbọ́. Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín fún dókítà."

Ó fi ìka tọ́ka sí abẹ́ ìhà rẹ̀ ọ̀tún, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. N kò fi tèmi kún un, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.